Erùpẹ̀ tó ti mu òjé: ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a lè gbà yanjú rẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé

Bí a bá ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ ọgbà tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde kò jọ erùpẹ̀. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin tó wà lókè dúdú bí èédú, àfọ́kù ike bátìrì kún inú rẹ̀, ìdàrọ́ tó le bí òkúta sì wà láàárín rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ pupa tí gbogbo wa mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ pupa yìí mọ́ lójú, kò sì rùn, ṣùgbọ́n ojú kò lè sọ ibi tí májèlé dé dúró nínú rẹ̀, nítorí pé ásíìdì tó ń ṣàn jáde láti inú bátìrì ti ń gbé òjé wọlẹ̀ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ilẹ̀ báyìí wà ní Ògìjo, níbi tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti fara kan Ìkòròdú, tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àtijọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, tí onílẹ̀ fẹ́ tà á tàbí tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n tún un ṣe, agbaṣẹ́ṣe yóò mú iye owó wá, iye owó yẹn ni gbogbo ènìyàn yóò sì máa jiyàn lé lórí. Mo kọ ìfiwéra yìí fún àwọn onílẹ̀, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò àti àwọn alábòójútó ilé iṣẹ́ tí yóò ní láti yan ọ̀nà kan, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé owó típà kọ́ ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n ọ̀nà kan mọ́ èkejì. Ohun tó yẹ kí a wò ni ibi tí òjé náà yóò wà ní ọgbọ̀n ọdún sí i, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀.

Kí ni ó wà nínú erùpẹ̀ náà, báwo ni ó sì ti pọ̀ tó?

Dísù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó dà sílẹ̀ lè jóná, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ sì lè jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Òjé kò rí bẹ́ẹ̀. Iná kò lè pa á, òjò kò lè fọ̀ ọ́ dànù, bó ti wù kí ó pẹ́ tó nínú ilẹ̀, òjé náà ni yóò máa jẹ́. Àwọn àgbà ní, "A ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ," bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ti mu òjé ti rí gan-an nìyẹn. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a fẹ́ fi wéra, kò sí ọ̀kan tó lè pa òjé rẹ́. Àwọn kan ń gbé e kúrò, àwọn kan ń dè é mọ́lẹ̀, àwọn yòókù sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ má bàa kàn án.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, oríṣi méjì ni ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ iye òjé tó wà nínú kílò erùpẹ̀ kan. Nínú ìlànà EGASPIN tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe fún iṣẹ́ epo rọ̀bì, bí òjé bá ti dé 530 mílígíráàmù nínú kílò kan, ilẹ̀ ti di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá sí. Ní Amẹ́ríkà, 400 ni EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, lò fún ọ̀pọ̀ ọdún fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, kí wọ́n tó já a sí 200 ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ní tèmi, níbi tí ọmọdé bá ti ń ṣeré, iye tó kéré jù lọ ni kí ẹ mú, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé a kò mọ iye òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò léwu. Àyẹ̀wò kejì ń sọ iye òjé tí omi tó ní ásíìdì díẹ̀ lè fà jáde láti inú erùpẹ̀ náà. Bí omi tí wọ́n fà jáde bẹ́ẹ̀ bá ti ní mílígíráàmù 5 nínú lítà kan, Amẹ́ríkà ka erùpẹ̀ náà sí ìdọ̀tí eléwu. Àyẹ̀wò yìí ni àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń kánjú máa ń fò, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ń sọ bóyá erùpẹ̀ náà lè sùn nínú kòtò láìba kànga àwọn ará àdúgbò jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká mú ọgbà kan tó gùn tó 50 mítà, tó sì fẹ̀ tó 40. Bí katapílà bá gbẹ́ ẹ ní ìdajì mítà jákèjádò, 1,000 kúbíìkì mítà ni yóò kó jáde, ìyẹn nǹkan bí 1,600 tọ́ọ̀nù. Erùpẹ̀ tí a tú máa ń wú, nítorí náà yóò di nǹkan bí 1,250 kúbíìkì mítà kí ó tó dé inú ọkọ̀, típà tó ń gba 15 yóò sì gbé e ní ìgbà 84. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ mú erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò ní ìpele-ìpele láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a wá rí i pé òjé kò kọjá 20 sẹ̀ǹtímítà, 400 kúbíìkì mítà péré ni a nílò láti gbẹ́, ìrìn típà yóò sì wálẹ̀ sí 34. Owó àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ń kùn sí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àádọ́ta ìrìn tí ó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó wa katapílà pé kí ó má ṣe da tòkè pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, nítorí bí èyí tó mọ́ bá ti kan èyí tí kò mọ́, gbogbo rẹ̀ ti di májèlé nìyẹn.

Kíkó o lọ síbòmíràn, tàbí sísin ín síbi tó wà

Àwọn ọ̀nà méjì yìí ni ìjà máa ń wà láàárín wọn, nítorí náà n óò pẹ́ díẹ̀ lórí wọn.

Àǹfààní kíkó o lọ hàn kedere. Ilẹ̀ náà yóò tún wúlò, onílẹ̀ lè tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ọkàn àwọn aládùúgbò yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n "kó o lọ" kò tíì pé títí a ó fi sọ ibi tí a ń kó o lọ. Kòtò tó yẹ irú erùpẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa nísàlẹ̀, ọ̀rá líle tó nípọn lórí amọ̀ náà, páìpù tó ń gba omi tó bá sun jáde láti inú ìdọ̀tí, ìbòrí lókè nígbà tó bá kún, àti àwọn kànga àyẹ̀wò yí i ká. Ààtàn lásán kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Olúsosùn ní Ojọ́ta, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 40 hẹ́kítà, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n kàn ń da ìdọ̀tí sí, láìsí ọ̀rá kankan lábẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi ọwọ́ ṣa nǹkan níbẹ̀ lójoojúmọ́. Agbaṣẹ́ṣe tó bá dárúkọ irú ibẹ̀ fún erùpẹ̀ olójé ń bá yín gbé ìṣòro láti àdúgbò kan lọ sí àdúgbò mìíràn ni.

Ewu kejì wà lójú ọ̀nà. Mo dúró nígbà kan lẹ́bàá ọ̀nà ní agbègbè Ìkòròdú, tí mo ń ka típà tó ń jáde láti inú ọgbà kan tí wọ́n ń tún ṣe. Bàbá kan tó ń kún ilẹ̀ àbàtà rẹ̀ nítòsí ibẹ̀ na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, ó ní, "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èló lẹ máa já ìrìn kan fún mi?" Dẹ́rẹ́bà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, n ó bá yín ṣe é." Bàbá náà kò ṣẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ra ilẹ̀ nítòsí ọ̀sà ló mọ̀ pé owó yẹ̀pẹ̀ tí a ó fi kún un lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo rìn lọ bá a, mo ṣàlàyé ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà fún un, ó sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò lè dúró sí gbogbo ìkóríta. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé bí kò bá sí ìwé fún ìrìn kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó fi ránṣẹ́, dẹ́rẹ́bà àti ẹni tó gbà á ní kòtò fọwọ́ sí, tí wọ́n sì wọn ọkọ̀ níbi tó ti jáde àti níbi tó dé, kí onílẹ̀ má ṣe san owó ìrìn náà. Kí agbaṣẹ́ṣe sì fi ìwé àṣẹ hàn láti ọ̀dọ̀ NESREA, tó jẹ́ àjọ àbójútó àyíká ti ìjọba àpapọ̀, àti láti ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀, ìyẹn LASEPA ní Èkó tàbí OGEPA ní Ògùn.

Sísin ín síbi tó wà yàtọ̀ sí èyí. Kò sí típà, kò sí ìkóríta, eruku kò ní bá ọ̀nà lọ, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín kù púpọ̀. A ó kó erùpẹ̀ náà jọ sí igun kan tó ga jù nínú ọgbà, a ó tẹ́ amọ̀ àti ọ̀rá sí abẹ́ rẹ̀, a ó bò ó pẹ̀lú ọ̀rá aláwọ̀ tó hàn kedere kí ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀ pé ó ti kan nǹkan, a ó fi amọ̀ tó nípọn tó 60 sẹ̀ǹtímítà sí i lókè, a ó wá fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Orí rẹ̀ lè di ibùdókọ̀ tàbí ilé ìkẹ́rùsí. Kò gbọdọ̀ di ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́ tàbí oko láéláé.

Ohun méjì ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni omi abẹ́ ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́bàá ọ̀sà, omi kànga máa ń gòkè gan-an nígbà òjò, kòtò tó gbẹ nínú oṣù Kìíní lè wà nínú omi nínú oṣù Keje. Ẹ wọn omi kànga nígbà tí òjò bá pọ̀ jù lọ. Bí ìsàlẹ̀ kòtò kò bá ga ju omi náà lọ ní mítà méjì ó kéré tán, èmi kì yóò fara mọ́ sísin ín síbẹ̀. Èkejì ni ìgbàgbé. Òjé ní owó lórí, ẹni tó bá mọ ibi tó wà lè padà wá wú u. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, ọmọdé 18 ló kú láàárín òpin ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wú erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì, tí wọ́n ń jọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń kó òjé inú rẹ̀ wálé nítorí pé iye rẹ̀ ti lọ sókè. Nítorí náà, ibi tí a sin erùpẹ̀ náà sí gbọ́dọ̀ hàn lórí ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà àti nínú ìwé tó wà lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà lẹ́yìn ọ̀la mọ ohun tó rà.

Ẹni tó bá rò pé sísin ín nítòsí kò lè dára rárá, kí ó ronú kan Zamfara. Ní ọdún 2010, ọmọdé tó lé ní 400 ni òjé pa ní àwọn abúlé ibẹ̀, nítorí pé àwọn òbí ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú agbolé. Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí àyè láti wá kòtò ìgbàlódé. Àwọn ará Dareta àti Yargalma fi ọkọ́ àti àpò ha ojú agbolé wọn. Èyí tí òjé inú rẹ̀ bá ju 1,000 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ, wọ́n kó o lọ sin sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn abúlé, wọ́n fi erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Èyí tó wà láàárín 400 àti 1,000, wọ́n fi erùpẹ̀ mímọ́ bò ó. Ìgbà tí agbolé bá mọ́ tán ni àwọn dókítà Médecins Sans Frontières tó ń fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní oògùn tó ń fa òjé jáde, nítorí ọmọ tó bá gba oògùn tó sì padà sínú eruku kan náà kò lè sàn. Bagega, abúlé mìíràn níbẹ̀, ní láti dúró títí di ọdún 2013 kí wọ́n tó palẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Kòtò tó wà nítòsí tí a lè gbẹ́ lónìí sàn fún ọmọdé ju kòtò tó pé pérépéré tí a ó máa retí fún ọdún mẹ́ta.

Pípò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì tàbí fọ́sífétì

Ọ̀pọ̀ ń to ọ̀nà yìí sí ẹ̀gbẹ́ méjì òkè yìí bíi pé ó lè dúró fúnra rẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú àwọn méjèèjì ni, nítorí pé erùpẹ̀ tí a ti po ṣì nílò ibi tí yóò sùn, ó sì máa ń pọ̀ sí i nítorí ohun tí a fi kún un. Ohun tó ń ṣe fún wa ni pé ó ń de òjé mọ́lẹ̀, kí omi òjò má lè fà á jáde.

Bí a ti ń po kọnkéré náà ni a ń pò ó. A ó jọ̀ ọ́ kí àfọ́kù ike àti ìdàrọ́ ńláńlá lè yọ kúrò, a ó da sìmẹ́ǹtì sí i, a ó sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀kúnwọ́ kan yóò fi dúró ṣinṣin bí òkèlè ẹ̀bà láìsí pé omi sun sí àtẹ́lẹwọ́ (nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni o). Sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ jù burú bí èyí tó kéré jù. Omi inú rẹ̀ yóò le bí omi eérú tí àwọn aláró ń sẹ́, inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni òjé tún ti ń yọ́. Nítorí náà, kí agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ po korobá mẹ́ta, kí ó fi sìmẹ́ǹtì ìdá 5, 10 àti 15 nínú ọgọ́rùn-ún sí wọn, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ 28, kí ó sì kó wọn lọ fún àyẹ̀wò omi tí mo ti sọ ṣáájú. Èyí tó bá yege ni kí ó fi ṣe gbogbo ọgbà.

Fọ́sífétì ń gba ọ̀nà mìíràn ṣiṣẹ́. Ó ń bá òjé para pọ̀ di òkúta kékeré tí omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yọ́ mọ́. Ní South Prescott, ní West Oakland ní California, egungun ẹja tí wọ́n lọ̀ ni àjọ EPA pò mọ́ ilẹ̀ àgbàlá àwọn ènìyàn, nítorí fọ́sífétì tó wà nínú rẹ̀. Òkúta fọ́sífétì wà nínú ilẹ̀ wa náà, ní Sókótó àti ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún àgbàlá ilé tí òjé inú rẹ̀ kò pọ̀ jù, tí kò ṣe é gbẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ní ọgbà ilé iṣẹ́ bátìrì, ẹ ṣọ́ra. Àwọn ilé iṣẹ́ bátìrì máa ń po áńtímónì àti àsẹ́níìkì mọ́ òjé kí ó lè le, fọ́sífétì sì lè tú àwọn méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n bá omi lọ. Bí ìwé àyẹ̀wò kò bá sọ nǹkan kan nípa wọn, sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ bá lọ.

Àwọn ọ̀nà tí wọn yóò tún dárúkọ fún yín

Fífọ erùpẹ̀ pẹ̀lú omi ń ṣiṣẹ́ níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn, nítorí ara ohun tó kúnná ni òjé máa ń lẹ̀ mọ́, iyanrìn tí a fọ̀ sì lè padà sílẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa ní amọ̀ púpọ̀ nínú, gbogbo rẹ̀ ni yóò di ẹrẹ̀, a ó sì wá ní omi onímájèlé láfikún. Gbígbin ewéko tó ń fa májèlé kò yá rárá, inú gbòǹgbò ni òjé sì máa ń dúró sí jù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbin nǹkan sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò pẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò sì kó o lọ sọ́jà.

Iná àti kòkòrò àìfojúrí wà fún ilẹ̀ tó mu epo. Bí ọgbà yín bá jẹ́ ti mẹkáníìkì tàbí ti ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ńlá, wọ́n lè dára fún yín, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan láti Ògóni. Ìwádìí UNEP, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, tó jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé títú ilẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́ kò tó, nítorí ní ibi 49 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n bá epo nínú ilẹ̀ ní mítà márùn-ún sísàlẹ̀ ó kéré tán. Bí ilẹ̀ bá ní epo àti òjé pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó o sínú iná lásán, eruku òjé ni yóò gba ojú ọ̀run.

Ní ti kíkó o lọ sí ìlú òkèèrè, Àdéhùn Basel ti ọdún 1989, tó wà lórí gbígbé ìdọ̀tí eléwu láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, béèrè pé kí ìjọba orílẹ̀-èdè tí yóò gbà á fọwọ́ sí i ní kíkọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwa tí wọ́n kó ìdọ̀tí eléwu láti Ítálì wá dà sí ìlú Koko, tí àṣírí rẹ̀ tú ní ọdún 1988, mọ ìdí rẹ̀. Fún erùpẹ̀ tó tó 1,600 tọ́ọ̀nù, owó rẹ̀ kò bá ọgbọ́n mu.

Èwo ni kí a mú?

Bí ilé bá yí ọgbà náà ká, tí omi kànga sì súnmọ́ òkè, ẹ po erùpẹ̀ tó burú jù mọ́ sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, kí ẹ tó kó o lọ sí kòtò tó ní àṣẹ àti ọ̀rá nísàlẹ̀. Bí típà kan bá tilẹ̀ ṣìnà lójú ọ̀nà, ohun tó gbé kì yóò yára bá omi lọ mọ́. Bí ọgbà náà bá wà láàárín àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, lórí ilẹ̀ gíga, tí onílẹ̀ sì jẹ́ ilé iṣẹ́ tí yóò ṣì wà níbẹ̀, sísin ín sábẹ́ kọnkéré lẹ́yìn pípò ni mo fara mọ́, pẹ̀lú àyẹ̀wò kànga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí owó àyẹ̀wò ọdún pípẹ́ sì ti wà ní báńkì kí iṣẹ́ tó parí. Bí owó kò bá sí rárá, ẹ má ṣe jókòó. Ẹ fi ọgbà yí i ká, ẹ fi tapólì tàbí erùpẹ̀ mímọ́ bò ó, ẹ la gọ́tà kí àgbàrá má bàa gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ níbẹ̀ láìkọ́kọ́ bu omi wọ́n ọn. Èyí kò yanjú erùpẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ń dín eruku tí ọmọdé ń mí símú kù láti ọ̀la lọ.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà ńkọ́? Kí wọ́n máa bu omi wọ́n erùpẹ̀, kí wọ́n lo ìbòmú tó ń dá eruku dúró dáadáa, kí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà síbẹ̀, kí wọ́n sì wẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Aṣọ tí bàbá wọ̀ wálé ti gbé òjé lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí gbígbẹ́ bá parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da iyanrìn padà síbẹ̀ títí àyẹ̀wò ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kòtò yóò fi jáde, láti ọ̀dọ̀ ilé àyẹ̀wò tí agbaṣẹ́ṣe kò yàn fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ṣì ju òdiwọ̀n lọ, kí wọ́n tún un gbẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè ibi tí erùpẹ̀ "mímọ́" tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ti wá, kí ẹ sì bu nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí típà àkọ́kọ́ tó já a sílẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ inú ọgbà bátìrì mìíràn ni wọ́n ti wà á.